Wíìtì Nínú Abọ́ Àgbẹ̀: Ọbẹ̀ àti Èròjà Tí Ó Bá A Mu

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lónìí jẹ mọ́ oúnjẹ kan tí a kì í gbìn ní ilẹ̀ Yorùbá, síbẹ̀ tí ó ti wọ inú ìkòkò wa. Oúnjẹ náà ni àlìkámà, tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ sí wíìtì.

Ẹ lè máa bi ara yín pé, kí ló kan àgbẹ̀ oníṣu, àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ àti àgbẹ̀ ẹlẹ́wà nínú ọ̀rọ̀ wíìtì? Ó kàn yín gidigidi. Àlìkámà nìkan kì í ṣe oúnjẹ tó pé. Ohun tí a bá gbé tì í ló ń jẹ́ kí ó dùn, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ó ṣe ara lóore. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí wà nínú oko yín.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní àgbègbè tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní kí n wá kọ́ àwọn obìnrin wọn bí a ṣe ń ro wíìtì. Mo lọ. Mo gbé ìkòkò kaná, mo rò ó títí ó fi jọ̀lọ̀. Ọbẹ̀ ata tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ ni mo ní kí wọ́n fi jẹ ẹ́, nítorí mo rò pé iṣẹ́ mi kò ju òkèlè lọ. Àwọn bàbá jẹ òkèlè méjì mẹ́ta, wọ́n fọwọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní bí ìgbà tí ènìyàn ń jẹ èèrí ló rí lẹ́nu òun.

Ìyá àgbàlagbà kan dìde láìsọ nǹkan kan. Ó lọ sí ilé rẹ̀, ó gbé gbẹ̀gìrì tí ó ti sè sílẹ̀ fún oúnjẹ alẹ́ wá, ó ja ewédú sí i, ó sì bù ú lé wíìtì tó kù. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé fi ń họ ìdí ìkòkò. Ìyá náà wá wò mí, ó ní, “Ọ̀gá Àgíríìkì, òkèlè lẹ kọ́ wa, ẹ kò kọ́ wa ní ọbẹ̀.” Òótọ́ ni màmá sọ. Láti ọjọ́ náà, ọbẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè kí n tó ṣí àpò wíìtì.

IRÚ OÚNJẸ WO NI ÀLÌKÁMÀ?

Àlìkámà jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé ọkà, bí àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrẹsì. Òtútù ló ń fẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ìhà àríwá orílẹ̀-èdè wa ni wọ́n ti ń gbìn ín, ní ìpínlẹ̀ bíi Kánò, Jígáwá, Bọ̀rnó, Kébbí àti Sókótó. Nǹkan bí oṣù kọkànlá ọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá ń bọ̀, ni wọ́n máa ń gbìn ín, wọn a máa fa omi sí oko rẹ̀, wọn a sì kórè rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ tiwa kì í bá a lára mu.

Èyí tí wọ́n ń gbìn ní Nàìjíríà kò tó wa jẹ. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Ẹ̀yin àgbà yóò rántí pé ní ọdún 1987, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó àlìkámà wọlé, búrẹ́dì sì di ọ̀wọ́n. Ọdún 1992 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé owó tí a bá ná lórí wíìtì ń jáde kúrò ní abúlé wa ni. Bí a bá máa rà á, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ òun nìkan la ó rà, kí gbogbo ohun tó kù nínú abọ́ ti inú oko wa wá.

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ ó máa rí lọ́jà:

1. Wíìtì tí a lọ̀ tèèrí-tèèrí. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó sì ní òórùn ọkà yíyan. Òun ló ṣara lóore jù.

2. Sẹmó. Inú ọkà lásán ni èyí, wọ́n ti yọ èèrí rẹ̀ kúrò. Ó máa ń jọ̀lọ̀, ṣùgbọ́n kò ní adùn kan pàtó.

3. Fùláwà. Èyí kúnná jù, òun la fi ń ṣe búrẹ́dì, pọ́fù-pọ́fù àti ṣin-ṣín.

KÍ NI Ó KÙ NÍBẸ̀?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo adùn rẹ̀. Ẹ̀bà máa ń kan díẹ̀, fùfú náà ń kan, ẹ̀kọ náà ń kan. Wíìtì kì í kan. Èyí tó ní èèrí máa ń korò díẹ̀ ní ìparí ẹnu, ó sì máa ń wúwo lọ́nà ọ̀fun. Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni ọbẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́. Èkíní ni ohun tí ń yọ̀, bí ewédú, ilá tàbí àpọ̀n, kí ó lè gbé òkèlè lọ sísàlẹ̀. Èkejì ni ohun tó ní òórùn tó sì lágbára lẹ́nu, bí irú, edé tàbí ẹja gbígbẹ. Irú bá òórùn ọkà yíyan inú wíìtì mu púpọ̀. Ẹ̀kẹta ni ohun tó kan díẹ̀, bí tòmátì àti ata tútù. Ẹ̀kẹrin ni epo díẹ̀, tí í mú adùn gbogbo wọn kárí ẹnu.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo àǹfààní rẹ̀ fún ara. Nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù wíìtì, èròjà tí ń mú ara dàgbà tó gíráàmù 10 sí 13. Nínú gàrí, kò ju nǹkan bí gíráàmù kan lọ. Nínú ẹ̀wà, ó tó nǹkan bí gíráàmù 23. Ẹ lè wá rò pé wíìtì ti tó nìyẹn. Kò tíì tó. Èròjà tí ń mú ara dàgbà yìí dà bí ilé tí bíríkìlà ń kọ́: yanrìn lè pọ̀ bí òkè, bí sìmẹ́ńtì kò bá tó, ilé kò ní dúró. Ọ̀kan wà nínú àwọn ohun tí ara fi ń kọ́ ilé rẹ̀ tí kò pọ̀ nínú wíìtì. Ohun kan náà yìí pọ̀ nínú ẹ̀wà, nínú ẹ̀wà sóyà, nínú ẹja àti nínú ẹran. Ẹ̀wà náà ní èyí tí kò tó lára tirẹ̀, wíìtì sì ní in. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú abọ́ kan, oníkálukú á dí àlàfo ẹnì kejì rẹ̀.

Àwọn Hausa tí wọ́n ti ń gbin àlìkámà tipẹ́ mọ bí a ṣe ń fi nǹkan gbè é lẹ́sẹ̀. Ní Kánò, wọ́n máa ń fi kúlíkúlí gígún tí wọ́n po mọ́ ata jẹ gurasa, búrẹ́dì wọn pẹlẹbẹ. Alkubus, tí wọ́n fi ooru omi sè bí a ti ń se mọ́ínmọ́ín, ọbẹ̀ elégédé tí wọ́n fi ẹ̀pà àti ẹ̀fọ́ sí ni wọ́n sábà máa ń fi jẹ ẹ́. Ẹ rí i pé ẹ̀pà, ẹ̀fọ́ àti ata kò jìnnà sí wíìtì lọ́dọ̀ àwọn tí ó ni ín.

BÍ A ṢE Ń RO WÍÌTÌ FÚN ÈNÌYÀN MẸ́RIN

Ẹ wá ife wíìtì mẹ́ta àti ife omi mẹ́fà. Ife kan náà ni kí ẹ fi wọn méjèèjì.

1. Ẹ gbé ife omi márùn-ún kaná. Ẹ fi ife omi tútù kan po ìdajì ife wíìtì, kí ó rí bí ògì.

2. Bí omi bá hó, ẹ bu ife omi gbígbóná kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ da ògì wíìtì yìí sínú ìkòkò, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi hó tí yóò sì ki.

3. Ẹ máa bu ìyẹ̀fun tó kù sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi orógùn rò ó kí ó má ṣe dì ní kókó.

4. Ẹ wọ́n omi gbígbóná tí ẹ bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí i, ẹ dé e, ẹ din iná kù, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibi tí púpọ̀ nínú wa ti ń ṣe àṣìṣe nìyí. Wíìtì tí kò jinná máa ń dùn bí ìyẹ̀fun tútù, kò sí ọbẹ̀ tó lè bo èyí mọ́lẹ̀.

5. Ẹ tún un rò dáadáa, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

ÀWỌN ỌBẸ̀ TÍ Ó BÁ A MU

Gbẹ̀gìrì àti ewédú. Èyí ni olórí gbogbo wọn, nítorí ẹ̀wà wà nínú rẹ̀, ohun tí ń yọ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ rẹ ife ẹ̀wà kan sínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ sì fi ife omi mẹ́rin sè é títí yóò fi rọ̀ pátápátá. Ẹ fi ìjábẹ̀ jà á kí ó kúnná. Ẹ fi ata gígún, ṣíbí irú kan, edé díẹ̀, ṣíbí epo pupa méjì àti iyọ̀ sí i, kí ó tún hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ja ewédú lọ́tọ̀. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀ tí ẹ sì bu ọbẹ̀ ata olómi tòmátì díẹ̀ lé e, àbùlà nìyẹn, ohun mẹ́rin tí a kà lókè sì ti pé síbẹ̀.

Ẹ̀fọ́ rírò elégùsí. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ tàbí ewúro fífọ̀ dára fún un. Ewúro máa ń korò díẹ̀, nítorí náà, sẹmó ló bá a mu jù, kí ìkorò má baà pàdé ìkorò. Fún wíìtì tèèrí-tèèrí, ẹ lo tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ. Ẹ má ṣe bọ ẹ̀fọ́ náà pẹ́ lórí iná, kí oore inú rẹ̀ má baà bá omi lọ.

Ilá alásèpọ̀. Ẹ rẹ́ ilá wẹ́wẹ́, kí ẹ fi irú, ẹja gbígbẹ, ata àti epo díẹ̀ sè é pọ̀. Ọbẹ̀ yìí yá láti sè, ó sì dára fún ìgbà tí iṣẹ́ oko bá pọ̀.

Ọbẹ̀ àpọ̀n. Òun náà ń yọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rá púpọ̀ nínú ara rẹ̀. Kí epo tí ẹ ó fi sí i kéré.

Ọbẹ̀ tí kò bá wíìtì mu ni ọbẹ̀ ata olómi lásán, irú èyí tí èmi fi dójú ti ara mi níjọ́ náà. Bí kò bá sí òmíràn nílé, ẹ se ẹ̀wà díẹ̀ sí i, tàbí kí ẹ já ewé ẹ̀fọ́ sí i.

Ohun kan tún kù. Èèrí inú wíìtì ní èròjà tí ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun, ṣùgbọ́n èèrí kan náà kì í jẹ́ kí ara rí i gbà tán. Ata tútù, tòmátì, ọsàn àti ìbẹ́pẹ máa ń ran ara lọ́wọ́ láti gbà á. Tíì máa ń dènà rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi ọsàn panu lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí tíì dúró fún nǹkan bí wákàtí kan. Ẹ̀yin aboyún ni mo ń bá wí jù níbí yìí.

ÒGÌ ÀLÌKÁMÀ FÚN ÀWỌN ỌMỌDÉ

Ọmú ìyá nìkan ló tọ́ sí ọmọ títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ẹ lè fi ògì yìí kún ọmú rẹ̀. Ẹ wá ife àlìkámà mẹ́ta, ife ẹ̀wà sóyà kan àti ìdajì ife ẹ̀pà. Ẹ ṣa gbogbo rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀pà tó bá hu olú, tó rún tàbí tó yí àwọ̀ padà, ẹ dà á nù, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀ tí iná kì í pa. Ẹ se ẹ̀wà sóyà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ sá a gbẹ, kí ẹ sì yan án. Ẹ yan àlìkámà àti ẹ̀pà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí òórùn wọn yóò fi ta sókè. Ẹ lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sè é, ẹ po ṣíbí mẹ́ta mọ́ ife omi kan, kí ó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dípò ṣúgà, ẹ tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n sínú rẹ̀. Adùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti òórùn ẹ̀pà bá àlìkámà yíyan mu gan-an. Ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin, ó lè fa àìsàn tó le fún un. Bí ara ọmọ bá ń sú, tí inú rẹ̀ wú tàbí tó ń ṣu gbuuru lẹ́yìn tó bá jẹ àlìkámà tàbí ẹ̀pà, ẹ dá a dúró, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

PỌ́FÙ-PỌ́FÙ ALÁWỌ̀ OKO

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń dín pọ́fù-pọ́fù tà, fùláwà ló ń jẹ èrè yín. Nínú ife ìyẹ̀fun mẹ́wàá, ẹ lè jẹ́ kí mẹ́sàn-án jẹ́ fùláwà, kí ọ̀kan jẹ́ ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí bíi FIIRO ní Òṣòdì àti IITA ní Ìbàdàn ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí irú àdàpọ̀ yìí. Kì í ṣe láfún la ń wí o. Ẹ̀gẹ́ tí a bó, tí a fọ̀, tí a rìn, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì sá gbẹ kíákíá kí ó tó kan, ni a ń lọ̀. Ẹ má ṣe fi ẹ̀gẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí ọwọ́ yín yóò fi mọ́ ọn, nítorí kò ní ohun tí ń mú kí fùláwà fà tí ó sì wú. Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n àti atalẹ̀ gígún sí i, ẹ ó rí i pé ṣúgà tí ẹ ń lò yóò dín kù.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ NÍ ÀTỌ̀GBẸ, Ẹ GBỌ́ O

Bàbá àgbẹ̀ kan sọ fún mi pé òun ti fi iyán àti àmàlà sílẹ̀ nítorí ìtọ̀ ṣúgà, wíìtì nìkan lòun ń jẹ. Mo rí òkèlè tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún bàbá náà. Ó tó orí ọmọdé, ọbẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ epo àti ata. Ẹnu ya bàbá pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ òun kò wálẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, wíìtì kì í ṣe oògùn. Òun náà ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó ní èèrí sàn ju sẹmó lọ, ṣùgbọ́n bí òkèlè ṣe tóbi tó àti ohun tí a fi jẹ ẹ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ jẹ́ kí òkèlè náà mọ ní ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ́ yín, kí ẹ̀fọ́ kún ìdajì abọ́, kí ẹ̀wà tàbí ẹja sì wà níbẹ̀. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ máa ń jẹ́ kí oúnjẹ rọra dà, kí ṣúgà má baà ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe fi oògùn yín sílẹ̀, kí ẹ sì máa tẹ̀lé ohun tí dókítà bá wí. Iṣu náà kì í ṣe ọ̀tá yín, bí ẹ bá lè wọ̀n ọ́n.

ÌPAMỌ́ ÀTI OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Wíìtì tí a lọ̀ tèèrí-tèèrí kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́, nítorí òróró wà nínú ọmọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan sí méjì nínú ooru wa, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í korò, òórùn rẹ̀ yóò sì yí padà. Odidi àlìkámà tó gbẹ ni ó ṣeé pa mọ́. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ ra odidi, kí wọ́n gbé e sórí pákó níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kí wọ́n sì máa lọ ìwọ̀nba tí wọn yóò jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ tún wò ó báyìí: àwọn ará ìlú tí ń jẹ wíìtì ń wá ohun tí wọn yóò fi jẹ ẹ́. Ẹ̀wà bíbó tó gbẹ, irú tó mọ́ tí kò ní yanrìn, ewédú tútù, ilá gbígbẹ, ẹ̀gúsí bíbó, kúlíkúlí: gbogbo wọn ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè kó jọ, kí wọ́n dì wọ́n ní ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n sì jọ gbé wọn lọ sọ́jà. Ẹni tó ń ta wíìtì kò ní ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ ni ín. Yorùbá ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ jẹ́ kí owó náà wọ àpò yín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

1. Nínú ohun mẹ́rin tí ọbẹ̀ wíìtì ń fẹ́, èwo ni a ń rà lọ́jà tí a lè gbìn tàbí tí a lè ṣe fúnra wa?

2. Mélòó nínú wa ló ń fún ọmọ ní ògì lásán láìsí ẹ̀wà sóyà tàbí ẹ̀pà nínú rẹ̀?

3. Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tí irú rẹ̀ mọ́ jù, ṣé ó lè kọ́ àwọn yòókù?

Ẹ gbìyànjú ọ̀kan nínú àwọn ọbẹ̀ wọ̀nyí ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì sọ bí ó ti rí fún ọ̀gá àgíríìkì tó wà nítòsí yín. Bí ẹ bá mọ ọbẹ̀ mìíràn tí ó bá wíìtì mu ju ìwọ̀nyí lọ, ẹ má ṣe fi pa mọ́ fún wa. Màmá ọjọ́sí ti kọ́ mi pé akẹ́kọ̀ọ́ ni olùkọ́ náà.